Àwọn Ibi Ogún-Ìní Orílẹ̀-Èdè Filipínì: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Erékùṣù 7,641 ni wọ́n kà sí orílẹ̀-èdè Filipínì, ní apá gúúsù ìlà-oòrùn Éṣíà. Nínú òkun, lórí òkè àti láàárín ìlú rẹ̀, àwọn ibi kan wà tí gbogbo ayé ti gbà pé ogún ni wọ́n, kì í ṣe ti àwọn ará ibẹ̀ nìkan. Àwọn ìbéèrè tí ó ń jáde jù nípa wọn ni mo kó jọ síhìn-ín. Èrò tèmi, tí ẹ óò sì máa bá pàdé bí ẹ ti ń kà á lọ, ni pé ọwọ́ tí ó ń tún ibi wọ̀nyí ṣe lójoojúmọ́ ni ó pa wọ́n mọ́ títí di òní, kì í ṣe orúkọ tí wọ́n fún wọn.

Kí ni a ń pè ní ibi ogún-ìní àgbáyé, mélòó sì ni Filipínì ní?

Àjọ UNESCO, ẹ̀ka àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé tí ó ń rí sí ẹ̀kọ́, ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ àti àṣà, ni ó ń ṣe àkójọ àwọn ibi tí ó ṣe iyebíye fún gbogbo ọmọ ènìyàn, ìbáà jẹ́ ohun tí ènìyàn kọ́ tàbí ohun tí ẹnikẹ́ni kò dá. Filipínì tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn tí ó dá àkójọ náà sílẹ̀ ní ọdún 1985. Ibi mẹ́fà ni ó ti wọ àkójọ yìí láti ìgbà náà: àpáta iyùn Tubbataha àti àwọn ilé ìjọsìn àtijọ́ mẹ́rin tí a kà pọ̀ sí ẹyọ kan (1993), oko ìrẹsì onípele ti òkè Cordillera (1995), ìlú Vigan àti odò abẹ́ ilẹ̀ Puerto Princesa (1999), àti òkè Hamiguitan (2014).

Kí ni oko ìrẹsì onípele náà gan-an, kí sì ni ìdí tí wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀?

Àwọn ènìyàn Ifugao, ní àríwá erékùṣù Luzon, ń gbé láàárín òkè tí ó ga tí ó sì dagun débi pé kò sí pẹ̀tẹ́lẹ̀ tí wọ́n lè fi dáko. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n gé ara òkè sí ipele-ipele láti ìsàlẹ̀ títí dé òkè, wọ́n mọ ògiri òkúta tàbí ti amọ̀ sí ẹnu ipele kọ̀ọ̀kan kí ilẹ̀ má baà ya lulẹ̀, wọ́n sì darí omi sí i kí ìrẹsì lè dúró nínú ẹrẹ̀ bí ó ti yẹ kí ó dúró. Ẹni tí ó bá dúró ní òdìkejì àfonífojì tí ó sì wo ìletò Batad yóò rí i bí ẹni pé wọ́n gbẹ́ àtẹ̀gùn sí ara òkè fún òmìrán láti máa gùn lọ sókè.

Ṣùgbọ́n ẹwà rẹ̀ kọ́ ni ó yà mí lẹ́nu jù. Ẹ wo ọ̀nà tí omi gbà ń rìn. Ní orí òkè, lókè gbogbo oko, igbó kan wà tí wọ́n ń pè ní muyong. Ìdílé kọ̀ọ̀kan ni ó ni tirẹ̀, wọ́n sì ń tọ́jú rẹ̀ láti ìran dé ìran, nítorí igbó yìí ni ó ń mu òjò sára tí ó sì ń tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Láti inú igbó, omi á gba ojú àgbàrá tí wọ́n là fún un, á bọ́ sínú ipele òkè pátápátá, á kún un dé ìwọ̀n, á sì ṣàn kọjá sí ipele tí ó tẹ̀lé e, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe títí tí yóò fi dé odò. Èyí túmọ̀ sí pé bí ẹni tí ó wà lókè bá jẹ́ kí ògiri tirẹ̀ ya, omi kò ní dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó wà nísàlẹ̀ bí ó ti yẹ, tàbí kí òkúta àti ẹrẹ̀ ya bo oko rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó lè sọ pé oko tòun nìkan ni òun ń ro. Àgbájọ ọwọ́ ni wọ́n fi ń sọ̀yà níbẹ̀, nínú iṣẹ́ àti nínú ètùtù.

Ìrẹsì ìbílẹ̀ wọn, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ tinawon, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń kórè rẹ̀ lọ́dún. Àwòrò tí wọ́n ń pè ní mumbaki ni ó máa ń ké pe àwọn òrìṣà àti àwọn baba ńlá wọn nígbà iṣẹ́ oko, wọ́n sì ń gbé ère onígi tí ń jẹ́ bulul sínú àká kí ó lè máa ṣọ́ ìrẹsì. Àjọ UNESCO kò rí irú ẹ̀ka tí ó yẹ kí a pín irú ibi báyìí sí tẹ́lẹ̀, nítorí kì í ṣe ilé, kì í sì í ṣe igbó lásán. Oko Ifugao wà lára àwọn ibi àkọ́kọ́ tí a fi orúkọ ẹ̀ka tuntun gbà wọlé, èyíinì ni ilẹ̀ tí ènìyàn àti ìṣẹ̀dá jọ ṣe.

Ṣé òótọ́ ni pé oko náà ti tó ẹgbẹ̀rún ọdún méjì?

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìwé wí, láti ìgbà tí àwọn onímọ̀ bíi Roy Barton àti Henry Otley Beyer ti fojú díwọ̀n rẹ̀ ní ọ̀rúndún tó kọjá. Wọ́n wo bí iṣẹ́ náà ti pọ̀ tó, wọ́n sì ṣírò iye ọdún tí ó yẹ kí ó gbà. Àmọ́ awalẹ̀pìtàn Stephen Acabado àti àwọn tí ó bá a ṣiṣẹ́ ní Kiangan, ìlú kan ní Ifugao, wa ilẹ̀, wọ́n yẹ ohun tí wọ́n rí wò, wọ́n sì sọ pé ìrẹsì inú omi kò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ ní Ifugao, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìgbà tí àwọn ará Sípéènì dé ní nǹkan bí irinwó ọdún sẹ́yìn ni ó gbilẹ̀. Kí ìyẹn tó dé, isu kókò ni wọ́n ń gbìn sí ipele oko.

Àwọn kan rò pé èyí dín iyì oko náà kù. Èmi rí i pé ó fi kún un ni. Bí ó bá rí bí Acabado ti wí, a jẹ́ pé àwọn ènìyàn tí wọn kò fẹ́ sin Sípéènì sá wọ orí òkè, wọ́n sì fi ìṣọ̀kan mọ oko tí ó lè bọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn láàárín ìwọ̀nba ọdún díẹ̀, débi pé Sípéènì kò rí wọn tẹ̀ lórí ba pátápátá ní gbogbo ìgbà tí ó fi jọba ní Filipínì.

Kí ló dé tí wọ́n fi kọ oko náà sínú àkójọ àwọn ibi tí ó wà nínú ewu?

Ní ọdún 2001, ìjọba Filipínì fúnra rẹ̀ ni ó béèrè fún un, kí ìrànlọ́wọ́ lè dé. Nígbà náà, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin oko náà ni wọ́n ti pa tì. Ìrẹsì ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún kì í sábà tó ìdílé jẹ yíká ọdún, àwọn ọ̀dọ́ sì ń gba Baguio àti Manila lọ wáṣẹ́. Bí ẹni kan bá ti fi oko sílẹ̀, ilẹ̀ á gbẹ, ekòló ńlá á máa lu ihò sínú ògiri, òjò ńlá á sì wó o. Kòkòrò ajẹnirun mìíràn tún wà, ìgbín inú omi tí wọ́n kó wọ orílẹ̀-èdè náà ní àwọn ọdún 1980 kí àwọn àgbẹ̀ lè máa sìn ín fún jíjẹ, tí ó wá bọ́ sínú oko tí ó sì ń jẹ èhù ìrẹsì.

Ní ọdún 2012 ni wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú àkójọ ewu náà, lẹ́yìn tí wọ́n ti tún ọ̀pọ̀ ògiri àti ojú omi mọ, tí wọ́n sì ti dá ìlànà ìbílẹ̀ padà sínú ètò ìtọ́jú rẹ̀. Ìṣòro ọ̀dọ́ tí ń lọ sí ìlú ńlá kò tíì parí. Ògiri tí a tún mọ lónìí nílò ẹni tí yóò tún un mọ lọ́dún mẹ́ta òní.

Ṣé oko Banaue tí a máa ń rí nínú àwòrán ni UNESCO mú?

Rárá, ìbéèrè yìí sì dára. Ibi tí àwọn arìnrìn-àjò ti ń ya àwòrán jù nítòsí ìlú Banaue kò sí lára rẹ̀. Agbègbè márùn-ún ni ó wà nínú àkójọ: Batad àti Bangaan, tí àwọn méjèèjì wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Banaue, àti Mayoyao, Hungduan, pẹ̀lú Nagacadan ní Kiangan.

Kí ni Hudhud, kí ni ó sì fi kan oko?

Hudhud ni orin ìtàn àwọn Ifugao. Wọ́n ń kọ ọ́ nígbà tí wọ́n bá ń fúnrúgbìn, nígbà ìkórè, àti níbi àìsùn òkú. Ó lé ní igba ìtàn tí ó wà nínú rẹ̀, a sì pín ìtàn kọ̀ọ̀kan sí ogójì apá, tó bẹ́ẹ̀ tí ó lè gba ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin kí a tó kọ ọ̀kan tán. Ìyá àgbà ni ó sábà máa ń lé orin, àwọn yòókù á sì máa gbè é.

Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ náà ti kan àwa Yorùbá tààrà. Ní ọdún 2001, nígbà tí UNESCO kọ́kọ́ kéde àwọn iṣẹ́ àtẹnudẹ́nu tí ó tayọ, ọ̀kàndínlógún péré ni wọ́n mú ní gbogbo ayé. Hudhud wà níbẹ̀, Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti àwọn Yorùbá Benin, Nàìjíríà àti Togo sì wà níbẹ̀. Ní ọdún 2005 ẹ̀wẹ̀, wọ́n kéde Darangen, ìtàn akọni àwọn Maranao ti Mindanao, erékùṣù ńlá ní gúúsù Filipínì, tí ìlà rẹ̀ jẹ́ 72,000, ní ọdún kan náà tí wọ́n kéde Ifá. Ẹni tí ó bá mọ ohun tí ó máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí babaláwo àgbà kan bá kú tí kò kọ́ ẹnikẹ́ni ní ẹsẹ̀ tí ó mọ̀, yóò mọ ohun tí àwọn Ifugao ń bẹ̀rù. Bí iṣẹ́ oko bá dáwọ́ dúró, ibi tí wọ́n ti ń kọ Hudhud náà dáwọ́ dúró nìyẹn. Nítorí náà ni wọ́n fi ń kó àwọn ọmọ ilé-ìwé jọ sọ́dọ̀ àwọn àgbà láti kọ́ ọ.

Kò sí ẹni tí ó ń gbé ní Tubbataha. Ta ni ó wá ṣe pàtàkì fún?

Ó ṣe pàtàkì fún gbogbo ẹni tí ó ń jẹ ẹja ní àyíká òkun Sulu. Tubbataha wà láàárín òkun náà, ní nǹkan bí 150 kìlómítà sí ìlú Puerto Princesa. Àpáta iyùn ńlá méjì ni, ọ̀kan ní àríwá, ọ̀kan ní gúúsù, pẹ̀lú kékeré kan tí ń jẹ́ Jessie Beazley. Àwọn Sama tí wọ́n ń rìn lójú omi ni wọ́n sọ ọ́ lórúkọ, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni àpáta gígùn tí ó ń yọ síta nígbà tí omi bá fà.

Iyùn tí àwọn ọba wa fi ń ṣe ilẹ̀kẹ̀, inú òkun ni ó ti wá, ara egungun ohun alààyè ni. Ìbátan irú ohun alààyè bẹ́ẹ̀ ni ó kọ́ Tubbataha. Wọ́n kéré bí orí abẹ́rẹ́, wọ́n ń gbé papọ̀ ní àìmọye, wọ́n sì ń fi egungun wọn lé orí egungun àwọn tí ó ti kú, títí tí ó fi di ògiri tí ó wọ̀ sísàlẹ̀ tó ọgọ́rùn-ún mítà. Ó lé ní 350 irú iyùn tí ó wà níbẹ̀. Ìjàpá òkun ń fi ibẹ̀ ṣe ilé, àwọn ẹyẹ òkun sì ń yé ẹyin sórí ìwọ̀nba iyanrìn tí ó yọ sókè. Ẹja tí ó bá pamọ níbẹ̀, ìṣàn omi á gbé ọmọ rẹ̀ lọ sí ibi tí àwọn apẹja ti ń da àwọ̀n wọn. Ibi tí a kò ti gbọ́dọ̀ pẹja ni ó ń jẹ́ kí ẹja wà níbi tí a ti ń pa á.

Ta ni ó ń ṣọ́ ọ?

Kí ó tó di ọdún 1988, dínámáìtì àti májèlé ni àwọn kan fi ń pẹja níbẹ̀. Ní ọdún náà ni Ààrẹ Corazon Aquino kéde rẹ̀ ní ọgbà ìpamọ́ orílẹ̀-èdè. Lónìí, ẹ̀ṣọ́ díẹ̀ ni ó ń gbé níbẹ̀ yíká ọdún, nínú ilé kan lórí òkìtì iyanrìn kékeré. Lára wọn ni àwọn ọmọ ogun ojú omi, àwọn ẹ̀ṣọ́ etíkun, àwọn òṣìṣẹ́ ọgbà náà àti àwọn ará Cagayancillo, ìjọba ìbílẹ̀ tí ó ni omi náà. Fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ni wọ́n fi ń wà níbẹ̀ kí àwọn mìíràn tó wá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn. Àwọn àlejò tí wọ́n ń wá wẹ̀ lábẹ́ omi, láti nǹkan bí àárín oṣù kẹta sí àárín oṣù kẹfà nígbà tí òkun bá pa rọ́rọ́, ń san owó ìtọ́jú.

Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kìíní ọdún 2013, ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà tí ń jẹ́ USS Guardian gun orí àpáta iyùn yìí. Kò ṣeé fà kúrò. Gígé ni wọ́n gé e sí wẹ́wẹ́ kí wọ́n tó kó o lọ, ó sì gbà wọ́n ju oṣù méjì lọ. Iyùn tí ó bà jẹ́ fẹ̀ ju 2,300 mítà onígun mẹ́rin lọ, Amẹ́ríkà sì san owó tí ó tó mílíọ̀nù mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún pésò ní ọdún 2015. Ní ọdún 2005 pàápàá, Rainbow Warrior II, ọkọ̀ Greenpeace, ẹgbẹ́ tí ó ń jà fún ààbò àyíká, tí ó lọ ṣe ìwádìí iyùn, gun orí àpáta náà, àwọn náà sì san ìtanràn. Mo gbóríyìn fún àwọn alábòójútó ọgbà yìí gidigidi, nítorí pé wọn kò wo ojú alágbára, wọn kò sì wo ojú ọ̀rẹ́.

Ṣé odò abẹ́ ilẹ̀ Puerto Princesa ni ó gùn jù lọ láyé?

Wọ́n máa ń wí bẹ́ẹ̀ nígbà kan, ṣùgbọ́n wọ́n ti rí èyí tí ó gùn jù ú lọ ní Mẹ́síkò. Kìlómítà 8.2 ni tiwọn ní erékùṣù Palawan. Ohun tí ó mú un yàtọ̀ ni pé inú ihò àpáta ni ó ti ṣàn bọ́ sínú òkun tààrà, débi pé nígbà tí òkun bá ń kún, omi iyọ̀ á wọ inú ihò náà lọ jìnnà, á sì pàdé omi odò. Ẹ jókòó sínú ọkọ̀ ojú omi kékeré, ẹ dákẹ́, kí ẹni tí ó wà níwájú tan fìtílà sókè: àdán ni ẹ óò rí tí wọ́n so rọ̀ jọwọrọ lórí òkúta tí omi ti ń kán sílẹ̀ fún àìmọye ọdún, tí àwọn ẹyẹ kéékèèké tí ó jọ alápàndẹ̀dẹ̀ sì ń fò kọjá nínú òkùnkùn. Igbó tí ó yí i ká láti orí òkè dé etí òkun ni ó pa odò náà mọ́, àwọn Tagbanua àti àwọn Batak sì ti ń gbé ní agbègbè rẹ̀ kí ó tó di ọgbà ìjọba. Ìjì líle oṣù kejìlá ọdún 2021 ba púpọ̀ nínú igbó yìí jẹ́.

Òkè Hamiguitan ńkọ́?

Ìlà-oòrùn Mindanao ni ó wà, ó sì ga ju 1,600 mítà lọ. Ilẹ̀ orí rẹ̀ kún fún irin àti nikẹ́lì tí kì í jẹ́ kí igi dàgbà, nítorí náà igi tí ó ti pẹ́ gan-an lè má ga ju ènìyàn lọ. Àwọn ohun ọ̀gbìn kan wà níbẹ̀ tí kò sí níbòmíràn láyé, idì ńlá Filipínì sì wà lára àwọn ẹyẹ rẹ̀.

Àwọn ará Sípéènì ni wọ́n kọ́ ilé ìjọsìn wọ̀nyẹn. Kí ló dé tí àwọn ọmọ Filipínì fi ń pa ohun amúnisìn mọ́?

Ìbéèrè ńlá ni, àwọn ọmọ Filipínì náà sì ń bi ara wọn. Sípéènì jẹ gàba lórí wọn láti 1565 títí di 1898, iṣẹ́ àfipáṣe sì wà lára ìyà tí wọ́n jẹ. Ṣùgbọ́n ta ni ó gbẹ́ òkúta náà? Ẹ lọ wo iwájú ilé ìjọsìn Miagao, ní Iloilo, tí wọ́n parí ní 1797. Wọ́n gbẹ́ Kristófà mímọ́ síbẹ̀, ẹni tí ó gbé Jésù ọmọdé sórí èjìká kọjá odò. Níbi tí ó wà yìí, igi àgbọn ni ó gbá mú, igi ìbẹ́pẹ àti gúáfà sì wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kò sí ìkankan nínú igi wọ̀nyí ní Sípéènì nígbà tí wọ́n kọ ìtàn náà. Ọwọ́ ọmọ ilẹ̀ náà ni ó gbẹ́ ohun tí ojú rẹ̀ ń rí lójoojúmọ́ sára ilé tí wọ́n ní kí ó wá kọ́. Mo rò pé ìyẹn tó fún ìdí láti pa á mọ́.

Nígbà náà, wọ́n tún ní láti kọ́ ilé tí kò ní wó nígbà tí ilẹ̀ bá mì. Ní Paoay, wọ́n fi òkúta iyùn àti bíríkì mọ ògiri, wọ́n sì mọ òpó ràgàjì ti ògiri náà lẹ́yìn ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, wọ́n wá gbé ilé agogo jìnnà sí ilé ìjọsìn kí ó má baà wó lù ú. Ti Santa Maria wà lórí òkè bí odi agbára. San Agustin ti Manila, tí wọ́n parí ní 1607, nìkan ni ó ṣẹ́ kù nínú ilé ìjọsìn méje tí ó wà nínú odi Intramuros, ìlú àtijọ́ Manila, lẹ́yìn ogun ọdún 1945.

Vigan yàtọ̀ sí àwọn ilé ìjọsìn yìí báwo?

Ìlú odindi ni, àwọn ènìyàn ṣì ń gbé inú rẹ̀. Juan de Salcedo ni ó dá ìlú Sípéènì sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1572, ṣùgbọ́n àwọn oníṣòwò Ṣáínà ti ń wá síbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nínú ilé wọn, ìsàlẹ̀ jẹ́ bíríkì fún ẹrù, òkè jẹ́ pákó fún gbígbé, ìkarahun capiz tí ìmọ́lẹ̀ ń là kọjá ni wọ́n sì fi ṣe fèrèsé dípò gíláàsì.

Òfin wo ni ó ń dáàbò bo àwọn ibi yìí, ṣé ó sì tó?

Òfin ogún-ìní àṣà ti ọdún 2009, tí a mọ̀ sí Republic Act 10066, ni ó ṣe pàtàkì jù fún ilé àti ohun àtijọ́. Tubbataha ní òfin tirẹ̀ láti ọdún kan náà. Òfin kò lè dá ilẹ̀ dúró kí ó má mì. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2013, ìmìtìtì ilẹ̀ wó àwọn ilé ìjọsìn àtijọ́ ní Bohol, ti Loon di òkìtì òkúta. Ní oṣù keje ọdún 2022, òmíràn ba àwọn ilé Vigan jẹ́. Lẹ́yìn irú nǹkan bẹ́ẹ̀, àwọn tí ó mọ bí a ti ń po ẹfun àtijọ́ àti bí a ti ń gbẹ́ pákó bí ti àtẹ̀yìnwá ni a máa ń wá, wọn kì í sì í pọ̀. Lójú tèmi, owó tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ ná ni owó tí a fi ń kọ́ ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ ọwọ́ yìí.

Bí mo bá fẹ́ lọ wo oko Ifugao, kí ni kí n ṣe?

Ẹ lọ pẹ̀lú ọmọ ìbílẹ̀ tí ó mọ ọ̀nà, kí ẹ sì san owó iṣẹ́ rẹ̀ fún un tán. Bí àwọn ará ibẹ̀ bá ń ṣe ètùtù, ẹ béèrè kí ẹ tó ya àwòrán. Ọ̀nà ọkọ̀ kò dé àárín Batad, ẹsẹ̀ ni ẹ óò fi sọ̀ kalẹ̀. Orí ògiri oko gan-an ni ọ̀nà tí ẹ óò máa gbà, kò sì fẹ̀ ju kí ènìyàn kan gbà á lọ. Bí ẹ bá pàdé ìyá kan tí ó ru ẹrù bọ̀, ẹ̀yin ni kí ẹ wá ibi dúró kí ó lè kọjá.